Àyè Òfìfo Tó Wà Láàárín Àwòrán

Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ládiípọ̀ Oyèkàn bọ́ ọ̀já ìdíwọ̀n kúrò ní ọwọ́ àwọn eléré mẹ́ta, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì sọ pé òun kò lè ka èsì. Ọ̀já méjì ti fi nọ́ńbà wọn hàn. Ẹ̀kẹta, èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá Mùtíù Ajíbóyè, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tan iná pupa, kò sì fi nǹkan kan hàn. Oyèkàn, tí í ṣe aṣojú Àjọ Ìdíwọ̀n Ìgbádùn nílùú Ìsẹ́yìn, bẹ bàbá náà pé kó má dìde lórí àga. Ó ránṣẹ́ pe dókítà. Lẹ́yìn náà ló kó dáìsì olójú ogún, pẹ́ńsù àti àwòrán àjà-ilẹ̀, ihò oníyàrá púpọ̀ tí wọ́n ń fi ẹnu rìn kiri nínú eré orí tábìlì náà, sínú àpótí, ó fi bébà funfun di ẹnu rẹ̀, ó sì lẹ èdìdì mọ́ ọn.

Fadérera Ọláòkun, olùdarí eré náà, kò bá a jiyàn. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti fún un ní ọ̀nà tó rọrùn láti gba eré rẹ̀ là. Kò gbà á.

Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ ni Oyèkàn dé. Ó bá Fadérera tó ń nu tábìlì nínú yàrá eré rẹ̀. Lókè ilẹ̀kùn, nọ́ńbà ogójì, ìwọ̀n ìgbádùn tó kéré jù tí òfin gbà, tí gbogbo ilé eré gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀, ti ń ṣí. Lábẹ́ rẹ̀ ni àmì pupa méjì wà: méjìdínlógójì fún oṣù Èbìbí, mẹ́tàdínlógójì fún oṣù Agẹmọ. Àmì kẹta ló máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní yàrá kejì, àwọn ènìyàn bí ogún ti wọ jígí-àlá, wọ́n nà gbalaja sórí àga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó ń sọ ìtàn fún wọn ń ka ọ̀já ọwọ́ wọn bó ti ń sọ ọ́. Bí ìgbádùn bá fẹ́ rọlẹ̀, á yí ìtàn padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó tí ì dúró níwájú ilẹ̀kùn kan fún odidi ìṣẹ́jú kan rí. Mẹ́rìnléláàádọ́rin ni èsì tó wà lókè ilẹ̀kùn tiwọn.

Oyèkàn dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ ti ń ṣe, ó sì gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo ka ìwé àjà yín tán lánàá, mà," ó wí. "Yàrá méjìléláàádọ́fà. Mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú wọn ló ṣófo."

"Wọ́n ṣófo lóòótọ́."

"Kí ni eléré ń rí níbẹ̀?"

"Ó ń rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ kó tó rí i, ó ti bẹ̀rù, ó ti fi ọ̀pá kan ilẹ̀ wò, ó ti bá ẹnìkejì rẹ̀ jà lórí ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé. A kì í rí ìyẹn nínú yàrá tó kún."

Oyèkàn tẹ́ ẹ̀dà àwòrán Bàbá Mùtíù sórí tábìlì, ó sì fi ìka sí àárín rẹ̀. Àwòrán náà wà lórí bébà alápòótí kéékèèké, àpótí kan fún ìṣísẹ̀ kan. Àwọn yàrá pọ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì pọ̀ lápá ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n láàárín àwọn méjèèjì ni àyè funfun kan wà, tó fẹ̀ tó ogún àpótí, tó gùn láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló gba inú rẹ̀ kọjá.

"Èyí kò sí nínú ìwé yín, mà."

Fadérera wò ó pẹ́. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó ti kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kò sì sí àwòrán ilẹ̀ tó ṣòro fún un láti kà. Ó ní kò sí nínú ìwé nítorí kò sí nínú àjà. Ó ní àṣìṣe ni. Òun ti rí i láti ọjọ́ kìíní, òun kò sì sọ.

Oyèkàn ní òun fura bẹ́ẹ̀. Ó wá fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Òfin gba olùdarí láyè láti fi yàrá mẹ́ta kún àjà rẹ̀, bó bá ti buwọ́ lù ú kí aago mẹ́wàá tó lù.

"Ẹ fi ẹyọ kan síbẹ̀," ó wí. "Yàrá kan péré. Kí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń wá láti ọ̀pọ̀ ọdún ṣí fún wọn lónìí. Ẹ óò gba ọgọ́ta. Mo ti ti ilé eré mọ́kàndínlógún pa lọ́dún yìí, mà. Ẹ má jẹ́ kí tiyín ṣe ogún."

Ó gbé bírò lé orí fọ́ọ̀mù náà, ó sì jáde lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀.

Àṣìṣe náà ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òjò ń rọ̀ sórí páànù kíláàsì tí Fadérera ti ń kọ́ni nígbà náà, ẹfun ìkọ̀wé sì kún ọwọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì rẹ̀ ká pẹ̀lú àgbàdo sísè nínú abọ́. Ìṣọ̀lá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di alátùn-únṣe ẹ̀rọ omi, ni olè inú eré, tó ń ṣí àgádágodo. Wúràọlá, agbẹ̀bí, ni jagunjagun. Gbádégẹṣin, ọkọ rẹ̀, náà ni jagunjagun, ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, títí kan èyí tó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀. Bàbá Mùtíù ti orí òfì bọ́ síbẹ̀ tààrà, òwú sì wà lára fìlà rẹ̀. Nítorí pé ojú ahunṣọ mọ ìlà, òun ni wọ́n gbé pẹ́ńsù fún.

Fadérera kọ òfin méjì sára pátákó, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Àkọ́kọ́, olùdarí kò ní yí ògiri padà nítorí eléré. Ohun tó wà nínú ìwé ni ó wà nínú àjà. Èkejì, olùdarí kò ní fọwọ́ kan àwòrán, kò sì ní tọ́ ẹni tó ń yà á sọ́nà. Ohun tí wọ́n bá bèèrè ni yóò dáhùn. Lẹ́yìn náà ló ka gbólóhùn àkọ́kọ́ fún wọn: àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà kan sì lọ sí ìlà-oòrùn ní ogún ìṣísẹ̀. Bàbá Mùtíù ka àpótí bí ó ti ń ka òwú láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ní méjì-méjì. Ogójì àpótí ló yà dípò ogún. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ bébà, kò tún ṣi ìṣísẹ̀ kan kà mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ìlà-oòrùn ti sún ju bó ti yẹ lọ, àyè òfìfo náà sì ti ṣí sílẹ̀ láàárín.

Wọ́n fẹ́ràn àyè yìí ju ohun gbogbo tó wà nínú àjà lọ. Ìṣọ̀lá sọ ọ́ ní Ilé Ọba. Wúràọlá ní ilé ìṣúra ni. Wọ́n ti kan ògiri rẹ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ti da omi sílẹ̀ láti wo ibi tí yóò ṣàn sí. Níbi ìsọmọlórúkọ, lẹ́nu iṣẹ́, nínú ọkọ̀ lọ sí Ṣakí, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn nípa rẹ̀. Nígbà tí Gbádégẹṣin wà lórí ibùsùn tí kò ti dìde mọ́, ó ní kí wọ́n bá òun kan ògiri náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọn kò tí ì gbàgbé rí.

Fadérera gbé bírò náà. Bí ó bá buwọ́ lù ú, wọn yóò rí Ilé Ọba wọn, ilé eré yóò wà, Bàbá Mùtíù yóò sì máa ní ibi tó ń lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ògiri tó ń tẹ̀lé ọkàn eléré ni yóò wà nínú àjà rẹ̀, bíi ti yàrá kejì gan-an, kò sì ní sí ìdí kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò fi fi ọ̀pá kan ilẹ̀ wò. Ohun mìíràn tún wà tí kò sọ fún Oyèkàn. Àṣìṣe náà bo ohun kan mọ́lẹ̀ nínú àjà, ohun tó wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn kò rí nítorí àwòrán náà ni wọ́n ń wò. Bí ó bá kọ́ yàrá sí àárín, yóò bò ó mọ́lẹ̀ títí láé.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi bírò sílẹ̀ láì buwọ́ lù ú. Kò dá a lójú pé ohun tó tọ́ ló ṣe.

Àwọn mẹ́ta dé pọ̀. Wúràọlá ti múra bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò. Ó wo Ìṣọ̀lá, tó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta, ó sì bi í léèrè bóyá bàtà tó wọ̀ wá yẹn ni yóò fi wọ àjà lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ìṣọ̀lá ní olè ni òun, bàtà tí kò dún ni òun ń wọ̀. Bàbá Mùtíù ní bàtà náà dún láti ẹnubodè. Oyèkàn so ọ̀já mọ́ ọwọ́ wọn, ó jókòó sí igun yàrá, nọ́ńbà mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú ẹ̀rọ rẹ̀.

Fún wákàtí kan, wọ́n kan ògiri àyè òfìfo náà. Wọ́n bèèrè nípa òkúta, wọ́n bèèrè nípa afẹ́fẹ́, wọ́n da dáìsì. Fadérera dáhùn ohun tó wà nínú ìwé. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kúrò láàárín ọgbọ̀n sí ogójì. Nígbà tó yá, Ìṣọ̀lá ti dáìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ó wí. "Ṣé eré yìí ṣì ń dùn mọ́ yín? Yàrá, ilẹ̀kùn, yàrá. Lọ́jọ́ Ajé mo wọ jígí-àlá. Mo pa ejò olórí mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Wúràọlá bi í léèrè ohun tí ejò náà ń ṣọ́.

"Mi ò bèèrè, mà."

"Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ejò mìíràn."

"Orí mélòó?"

"Méjìlá," Ìṣọ̀lá dáhùn, òun fúnra rẹ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

Fadérera kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ti bi ara òun ní ìbéèrè yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó ní àwọn ọjọ́ kan wà tí kò dùn rárá, òun sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ń kọ yàrá òfìfo sínú ìwé. Ohun tí òun kò tí ì mọ̀ ni bóyá adùn tó ń pẹ́ kó tó dé ṣì lè dé bá ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti má dúró dè é.

Bàbá Mùtíù ti ń tò pẹ́ńsù rẹ̀ pọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé òní ni wọ́n máa jáde, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn jáde láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí wọ́n má kàn dìde lórí àga bí ẹni pé wọn kò wọ ibẹ̀ rí.

Wọ́n gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ láti yàrá tó jìn jù lọ. Níbi ọ̀gbun omi, Ìṣọ̀lá rántí pé ibẹ̀ ni àtùpà bọ́ lọ́wọ́ òun, tí wọ́n fi rìn nínú òkùnkùn fún Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin gbáko. Níbi àkekèé tó tóbi tó màlúù, Wúràọlá fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbádégẹṣin ti kọ orin fún àkekèé náà dípò kó bá a jà, dáìsì rẹ̀ sì bọ́ sí ogún, àkekèé sùn. Níwájú yàrá òfìfo kan tí kò ní ohun kan ju àga tó dá dúró lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Wọ́n ti lo oṣù méjì níbẹ̀ rí, wọn kò gbà pé àga lásán ni. Wúràọlá ní kí wọ́n jókòó lórí rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹnìkan sáà jókòó lórí rẹ̀. Bàbá Mùtíù ló jókòó. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Oyèkàn tẹ̀ síwájú wo ẹ̀rọ rẹ̀. Nọ́ńbà ti gun òkè díẹ̀, kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Aago méjìlá ti kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀nà àkọ́kọ́, èyí tó gbé wọn wọlé. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè nípa rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n kàn máa ń sọ pé àwọn gba ibẹ̀ kọjá.

"Tíṣà," Bàbá Mùtíù wí, "ìṣísẹ̀ mélòó ni ọ̀nà yìí? Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Fadérera di etí tábìlì mú. "Ogún ìṣísẹ̀, Bàbá."

Bàbá náà fi ẹnu pẹ́ńsù rìn lórí àwòrán, àpótí kan, ìṣísẹ̀ kan, ó ń kà á bí ẹni tó ń dágbére. Ó kà dé ogún, pẹ́ńsù rẹ̀ sì dúró sí àárín ọ̀nà. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún kà á. Nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ já wálẹ̀ sí mọ́kànlá.

"Méjì-méjì ni mo kà á," ó wí jẹ́jẹ́. "Orí òfì ni mo ti wá."

Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ lóye. "Bàbá, ṣé pé kò sí Ilé Ọba?"

"Kò sí. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Wúràọlá yíjú sí Fadérera. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Gbádégẹṣin ní ká máa bá òun kan ògiri yẹn. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́."

"Mò ń gbọ́."

Fadérera kò wá àwáwí. Bàbá Mùtíù ló gbà á sílẹ̀. Ó ní òfin kejì kò gba Tíṣà láyè láti sọ ọ́. Àwọn fúnra àwọn ló fọwọ́ sí i, Gbádégẹṣin wà níbẹ̀, òun ló sì pariwo jù. Ó ní ká ní Tíṣà sọ ọ́ ni, òun kì bá tún ya ìlà kan mọ́. Ó wá bèèrè àlùmọ́gàjí.

Kò sẹ́ni tó lóye ohun tó fẹ́ ṣe títí tó fi gé àwòrán ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìṣọ̀lá na ọwọ́ láti dá a dúró, Wúràọlá sì gbá ọwọ́ náà padà. Bàbá náà tún gé e lẹ́ẹ̀kejì, ní ogún àpótí sí ti àkọ́kọ́. Àyè òfìfo náà já bọ́ sórí tábìlì, ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn bí ọ̀já aṣọ òfì kan. Ó wá fa ìhà ìlà-oòrùn wá, ó fi etí rẹ̀ kan etí ìwọ̀-oòrùn bí wọ́n ti ń fi ọ̀já kan ọ̀já kí wọ́n tó rán wọn pọ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Wúràọlá ló rí i. Lápá òkè, yàrá kọkànlélọ́gọ́ta ní ọ̀nà kan tó dí. Ọ̀nà mìíràn tó dí tún jáde láti yàrá kejìdínláàádọ́rùn-ún. Àwọn méjèèjì ti jìnnà síra láti ọdún wọ̀nyí, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi dí. Nísinsìnyí, wọ́n kọjú síra. Àpótí kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Bàbá Mùtíù gbé pẹ́ńsù kúrò lórí bébà, ó sì fi ẹ̀yìn ti àga. Ọ̀já rẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún hàn. Kò sọ̀kalẹ̀.

Ìṣọ̀lá ti dìde. Ó ní àwọn ń sá padà sísàlẹ̀, àwọn kò dúró, àwọn kò kan ilẹ̀ wò. Wúràọlá ní kó kan ilẹ̀ wò. Ó kan ilẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n dé ògiri náà, ó ní òun ń fi ọwọ́ pa á lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ń wá ihò kọ́kọ́rọ́. Ó da dáìsì. Mẹ́tàdínlógún.

Fadérera ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé kan tí kò kà síta rí. Tádáwà rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. "Ilẹ̀kùn kan wà níbí," ó kà. "Wọn kò tì í."

Agogo ẹ̀rọ Oyèkàn dún: àkókò ti pé. Òfin ní kí eré dúró níbi tó bá dé.

Lórí ọ̀já, Wúràọlá gba méjìdínlógójì, Ìṣọ̀lá gba mẹ́tàdínlógójì. Oyèkàn fi ọwọ́ ṣe ìṣirò tí ẹ̀rọ kọ̀. Bí wọ́n bá ka ti Bàbá Mùtíù, ìpíndọ́gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́ ogójì ó lé díẹ̀. Bí wọn kò bá kà á, kò ní tó. Ìlànà Àjọ sì sọ pé ẹni tó bá ti ju ọdún márùndínlọ́gọ́rin lọ, tí ọ̀já rẹ̀ bá dúró lórí ọgọ́rùn-ún ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àìsàn ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹ̀rí mìíràn. Ti bàbá náà dúró fún ìṣẹ́jú méje kí ó tó tan iná pupa.

Dókítà dé ní aago méjì, ó yẹ àyà rẹ̀ wò, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Oyèkàn gba ọ̀rọ̀ bàbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

"Ẹ kọ ọ́ pé mi ò ṣàìsàn," ó wí. "Mo ti ṣàìsàn rí. Mo mọ bó ṣe ń rí."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkàn kọ ọ́ bó ti sọ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún aṣojú láti kọ ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, ó kọ ìlà mẹ́ta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Fadérera kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, Wúràọlá gbé àga tirẹ̀ jáde, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní aago mẹ́rin àbọ̀, Ìbàdàn dáhùn pé ìwé ti dé ọwọ́ àwọn. Wọn kò tí ì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bóyá àìsàn ni ohun tó ṣe Mùtíù Ajíbóyè láàárín ìṣẹ́jú méje náà, tàbí ìgbádùn.